Omi Tí A Dá Dúró: Adágún Kékeré Kan ní Ẹ̀yìnkùlé ní Kétu

Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ sọ fún ìyá wa pé a fẹ́ gbẹ́ adágún kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé, wọn kò tètè dá wa lóhùn. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà lọ́wọ́. Wọ́n ṣà á tán, wọ́n gbọn atẹ náà nù, kí wọ́n tó gbé ojú sókè, wọ́n ní: «Omi tí àwa fi orí rù títí a fi dàgbà, ṣé ẹja ni ẹ̀yin fẹ́ máa dà á fún?»

Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ Kétu yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Orí ilẹ̀ gíga ni ìlú wa wà, omi abẹ́ ilẹ̀ sì jìn púpọ̀ sí ojú ilẹ̀. Kí omi ẹ̀rọ tó dé, àwọn obìnrin ìran ìyá wa a máa jí lóru ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a gbé ìkòkò, wọn a rìn lọ sí ibi omi kí ẹsẹ̀ èrò tó pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í fi omi ṣeré.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn kejì ni ó le jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní: «Ó dára, ẹ gbẹ́ ẹ tán. Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?» A rò pé nítorí olè ni. A fèsì pé kò sí olè tí yóò fò wọ agbolé nítorí ẹja wẹ́wẹ́. Wọ́n mi orí, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Ó gbà wá ní oṣù méje kí a tó mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Ìtàn oṣù méje náà ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, àti pàápàá fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé, tí ẹ sì ń ronú ohun tí ẹ lè fi ṣe. A ó sọ bí a ṣe gbẹ́ adágún náà, a ó sì sọ àṣìṣe wa pẹ̀lú, nítorí pé àṣìṣe náà ni ó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jù.

Òjò tí ń ṣàn lọ

Olùkọ́ ni wá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lọ́dọọdún ni a ń ya àwòrán ìrìnàjò omi sára pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: omi òkun gòkè, ó di ìkùukùu, ó rọ̀ bí òjò, ó wọ inú ilẹ̀. Lọ́dọọdún kan náà ni òjò ń ṣàn kúrò lórí páànù ilé wa, tí ó ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá, tí ó sì ń kó erùpẹ̀ wa lọ sí títì. Bí ó bá di oṣù kìn-ín-ní ọdún, ata wa a ti kú, gbọ̀rọ̀ wa a ti gbẹ.

Lọ́jọ́ kan a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò kan. Òrùlé ilé wa gùn tó mítà 8, ó sì fẹ̀ tó mítà 6. Bí òjò bá rọ̀ tí ó ga tó mìlímítà 20 nínú ohun ìwọ̀n òjò, omi mélòó ni ó bọ́ sórí páànù? Mìlímítà kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà kan. Nítorí náà, 8 lọ́nà 6 jẹ́ 48, 48 lọ́nà 20 jẹ́ 960. Lítà 960, láti inú òjò kan ṣoṣo! Bí ìdá kan nínú márùn-ún bá tilẹ̀ ṣòfò, ohun tí ó kù ju lítà 760 lọ. Ọmọbìnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn na ọwọ́ sókè, ó ní: «Olùkọ́, ta ni ó ń gbé gbogbo omi yẹn lọ?» Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí a mọ̀ pé títì ni ó ń gbé e lọ, a sì ti ń wò ó láti ọdún mọ́kànlá.

Bí èrò adágún náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ohun tuntun rárá. Àwọn baba wa ní Kétu mọ ilẹ̀ gbẹ́: yàrà àti odi tí ó wà ní Àkàbà Ìdẹ̀nà ń jẹ́rìí sí i títí di òní. Ní àfonífojì odò Ouémé, àwọn apẹja a máa gbẹ́ kòtò gígùn sínú ilẹ̀ tí odò ń kún bò. Nígbà tí odò bá fà sẹ́yìn, ẹja a kù sínú kòtò, wọn a sì kó o ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bí ẹni ń kórè oko. Ní Àjàṣẹ́, láti ọdún 1985 tí àlùfáà Godfrey Nzamujo ti dá ibùdó Songhaï sílẹ̀, ni wọ́n ti ń fi han àwọn ọ̀dọ́ pé ẹran ọ̀sìn, ẹja àti ewébẹ̀ lè máa bọ́ ara wọn: ìgbẹ́ ẹran a di oúnjẹ ìdin, ìdin a di oúnjẹ ẹja, omi ẹja a di ọ̀rá fún ewébẹ̀. Ohun tí a rí níbẹ̀ tóbi ju agbára wa lọ. Ṣùgbọ́n a rò pé ohun tí ó bá ṣeé ṣe lórí ilẹ̀ ńlá, a lè dín in kù kí ó wọ ẹ̀yìnkùlé.

Kòtò àkọ́kọ́, tí ó mu omi tán

Oṣù kejì ọdún, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ni a bẹ̀rẹ̀. A kọ́kọ́ yan ibi. Ibi tí a yàn kò sí lábẹ́ igi, nítorí pé ewé tí ó bá jábọ́ sínú omi a máa jẹrà, a sì máa ba omi jẹ́. Kò sí nítòsí ṣáláńgá. Kò sí ní ibi tí ẹ̀gbin agbolé ń ṣàn gbà. Oòrùn òwúrọ̀ ń dé ibẹ̀, òjìji ilé sì ń bò ó lẹ́yìn ọ̀sán, kí omi má baà gbóná jù.

A fi okùn àti èèkàn sàmì sí ilẹ̀: mítà 3 ní gígùn, mítà 2 ní fífẹ̀. A gbẹ́ àárín rẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 80. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, a fi àtẹ̀gùn sílẹ̀ tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, fún àwọn ewéko omi, àti kí àkèré tàbí alángbá tí ó bá já sínú omi lè rí ibi gùn jáde. A kò gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní gbọọrọ bí ògiri, a jẹ́ kí ó dagun wọlé, kí ilẹ̀ má baà ya lulẹ̀. Àwọn ọmọ wa ọkùnrin méjì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni ó bá wa gbẹ́ ẹ, ó sì gbà wá ní òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Níbí ni a ti ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́. Nínú ìwé tí a kà ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń pe ilẹ̀ pupa wa ní «terre de barre», wọ́n sì ní láti inú èdè Potogí, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí amọ̀, ni orúkọ náà ti wá. A wá ronú pé níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ amọ̀, yóò di omi mú bí ìkòkò ti ń dì í mú. A po amọ̀ náà, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ kòtò, a fi ẹsẹ̀ gún un. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní oṣù kẹrin, omi dé orúnkún. Inú wa dùn. Ní ọjọ́ kẹta, ẹrẹ̀ nìkan ni ó kù nísàlẹ̀.

Ìyá wa ni ó sọ ohun tí ìwé kò sọ fún wa. Wọ́n ní: «Ìkòkò tí a kò sun, ta ni ó ń fi pọn omi?» Lóòótọ́ ni. Ilẹ̀ pupa wa ní amọ̀ nínú, ṣùgbọ́n iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú, omi a sì máa gba inú rẹ̀ kọjá lọ sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára fún iṣẹ́ oko, tí kò sì dára fún adágún. Bí oòrùn bá tún pa amọ̀ tí a tẹ̀, a máa sán.

A lọ ra báàṣì, ìyẹn rọ́bà fífẹ̀ tí ó nípọn, irú èyí tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù fi ń bo ẹrù. Bí a ṣe ń ṣírò ìwọ̀n rẹ̀ nìyí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn: ẹ mú gígùn kòtò, ẹ fi ìlọ́po méjì jíjìn rẹ̀ kún un, kí ẹ sì fi sẹ̀ǹtímítà 30 kún un ní orí kọ̀ọ̀kan fún ibi tí a ó tẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Fún tiwa, 3 pẹ̀lú 1,60 pẹ̀lú 0,60 jẹ́ mítà 5,20 ní gígùn. Ní fífẹ̀, 2 pẹ̀lú 1,60 pẹ̀lú 0,60 jẹ́ mítà 4,20. Kí a tó tẹ́ báàṣì náà, a ṣa gbogbo òkúta àti gbòǹgbò kúrò, a da iyanrìn kíkúnná sí ìsàlẹ̀, a sì tẹ́ àpò ìrẹsì àlòkù lé e lórí, kí ohunkóhun má baà gún rọ́bà náà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: etí adágún gbọ́dọ̀ dọ́gba yípo. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá rẹlẹ̀, ibẹ̀ ni omi yóò máa gbà jáde, ẹ̀gbẹ́ kejì yóò sì máa fi rọ́bà hàn bí ẹni tí ẹ̀wù rẹ̀ kò bo ikùn. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó mọ́ gaara, tí àwọn mọlémọlé ń rọ omi sí láti fi wọn ìdọ́gba, ni a fi wọ̀n ọ́n. A fi òkúta àti koríko bo etí báàṣì náà, nítorí pé oòrùn ní í tètè ba rọ́bà jẹ́. Ní ìgbẹ̀yìn, a so ọ̀pá oníhò mọ́ etí páànù kí omi òjò lè gbà á wọ inú adágún. Òjò tí ó bá kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, a kì í jẹ́ kí ó wọlé, nítorí pé eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ orí òrùlé ni ó ń fọ̀. Nígbà tí oṣù kẹfà fi máa parí, adágún ti kún, ó tó bí lítà 3 000.

Ẹja tí ó kú lóru

Ní oṣù keje a ra ẹpìyà wẹ́wẹ́ 60. Ẹni tí ó tà á fún wa ní 60 ti pọ̀ jù. A kò gbọ́. Àwọn ọmọ fẹ́ràn láti máa fún wọn ní oúnjẹ: èérí ọkà ní àárọ̀, èérí gbàgúdá ní ọ̀sán, ìyókù ẹ̀kọ ní alẹ́. Omi náà di àwọ̀ ewé títutù, a sì ń yọ̀ pé ó ní ọ̀rá. Ní òwúrọ̀ kan, ní kùtùkùtù, a bá gbogbo ẹja ní ojú omi, wọ́n ń yanu. Nígbà tí oòrùn yọ, a ka 38 tí ó ti kú.

Ojú tì wá, nítorí pé ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́sàn-án, ewéko inú omi a máa fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, a sì máa tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn jáde. Lóru, kò sí ìmọ́lẹ̀, àwọn náà ń mí, wọ́n sì ń bá ẹja pín afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú omi. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán, tí ó ń jẹrà nísàlẹ̀, ń fa afẹ́fẹ́ náà pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ìdájí ni ẹja ń kú. Oúnjẹ púpọ̀ ni ó pa wọ́n, kì í ṣe ebi.

Láti ìgbà náà, ẹja kò ju 20 lọ nínú adágún wa. Ohun tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni a ń fún wọn, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń bu omi díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sí ìdí ata àti gbọ̀rọ̀, tí a sì ń fi omi tuntun dípò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ni, a ń jẹ́ kí ó dúró nínú àgbá fún ọjọ́ méjì kí oògùn tí wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀ lè fò lọ. Àrọ̀ méjì wà láàárín àwọn ẹpìyà, nítorí pé ẹpìyà a máa bímọ púpọ̀ débi pé gbogbo wọn a ràn, wọn kò sì ní tóbi mọ́. Àrọ̀ ń jẹ lára àwọn ọmọ náà, ó sì ń jẹ́ kí iye wọn mọ níwọ̀n. A gbin òṣíbàtà sórí àtẹ̀gùn. Ewé rẹ̀ bo bí ìdajì ojú omi, ó ń dá oòrùn dúró. Ewéko tí ń léfòó lójú adágún Nokoué, tí ó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, èyí tí wọ́n ń pè ní «jacinthe d'eau», ẹ má ṣe gbé e wálé, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Àwọn apẹja mọ ìyà tí ó fi ń jẹ wọ́n.

Ẹjọ́ aládùúgbò

Ní oṣù kẹjọ, bàbá tí ilé wọn súnmọ́ tiwa wá kí wa ní alẹ́. Wọ́n kí wa pẹ́, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè ọmọ, kí wọ́n tó sọ pé: «Olùkọ́, a kì í bá ọ̀mọ̀wé jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti ṣe ibà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí omi yín ti wà níbẹ̀.»

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Láti ọdún 1880 tí Alphonse Laveran, dókítà ọmọ ogun Faransé, ti rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní ìlú Constantine ní Àlùjẹ́ríà, àti láti ọdún 1897 tí Ronald Ross ti rí irú kòkòrò náà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò mọ̀ pé omi tí ó dúró àti ibà jọ ń rìn. Ẹ̀fọn a yé ẹyin sójú omi, ẹyin a di tanwíjì, tanwíjì a sì di ẹ̀fọn tí ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ní ọjọ́ kejì, àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú abọ́ funfun, a bu omi ní etí adágún ní ibi mẹ́wàá. Tanwíjì kan kò sí níbẹ̀. Ẹja àti àwọn ọmọ lámilámi tí ń gbé inú omi ti jẹ wọ́n tán. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sọ fún bàbá náà pé wọ́n ṣì wá fura sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wá ṣí àgbá mẹ́ta tí a fi ń tọ́jú omi òjò sí ẹ̀yìn ilé ìdáná wò. Ìdérí kò dé wọn dáadáa. Tanwíjì kún inú wọn, wọ́n ń jó bí ẹni wà lágbo. Ó tún wà nínú táyà àtijọ́ kan, ó wà nínú àwo tí ó wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó ìyá àwọn ọmọ wa.

Adágún kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n àwa jẹ̀bi, nítorí pé adágún náà ni a tìtorí rẹ̀ gbé àgbá síbẹ̀. A lọ bá bàbá náà ní alẹ́, a dọ̀bálẹ̀, a sọ òtítọ́ fún wọn. A da omi àgbá náà sí oko, a fi aṣọ àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há bo ẹnu àgbá, a sì fi okùn dì í. A gbá gbogbo agbolé méjèèjì ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, bàbá náà sì rán àwọn ọmọ wọn wá bá wa ṣe é. Omi tí ń dá ẹ̀fọn ni omi tí kò sí ohun alààyè mìíràn nínú rẹ̀, tí kò sí ẹni tí ń wò ó.

Ìdáhùn ìbéèrè ìyá wa

Ohun tí ó kù láti sọ ni ó nira jù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti wà nínú ètò wa pé a ó fi ọgbà yí adágún náà ká. Ṣùgbọ́n òjò ń bọ̀, a fẹ́ kí omi wọlé kíákíá, owó sì ti lọ sórí báàṣì. A ní: tí ó bá di ìsinmi. Ìsinmi dé, a ra ẹja.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹsàn-án, àbúrò wa obìnrin wá kí wa pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. A jókòó síwájú ilé, à ń sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ igbe, nítorí pé igbe kò sí. Ìyá wa nìkan ni ó dìde láìsọ ohunkóhun, tí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ. Nígbà tí a tẹ̀lé wọn, a bá ọmọ náà tí ó dojú bolẹ̀ létí omi, ó ti ki apá bọ omi dé èjìká, ó ń lé ẹja. Ìyá wa ti di ìdí ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín.

Wọn kò bá wa wí. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, wọ́n sọ ìtàn kan tí a kò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n wa amọ̀ láti fi mọ ilé ní agbolé bàbá wọn, wọ́n sì fi kòtò náà sílẹ̀. Òjò kún un. Ọmọ orogún ìyá wọn, tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí wọ́n jọ ń lọ pọn omi, bọ́ sínú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, nígbà tí gbogbo ilé wà nítòsí. Wọ́n ní: «Gbogbo wa ni a mọ̀ pé kòtò wà níbẹ̀. Olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ń ṣọ́ ọ.» Wọn kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a kó ẹja sínú àgbá, a sì fa omi adágún jáde sí ìdí ata títí ó fi ku sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. A kò dá omi padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà a ri òpó igi mẹ́jọ, a ta àwọ̀n irin mọ́ wọn, ó ga tó mítà 1,20, a sì ṣe ilẹ̀kùn tí ń padé fúnra rẹ̀, tí ìkọ́ rẹ̀ wà ní òkè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Oníṣẹ́ irin kan tún bá wa ṣe àsọ́ irin tí ó lágbára, tí a tẹ́ sí abẹ́ ojú omi ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Ẹja ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, òṣíbàtà ń gba ojú rẹ̀ yọ jáde, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ṣubú sórí rẹ̀ kò ní rì lọ sí ìsàlẹ̀ adágún. Owó tí a ná sórí ọgbà àti irin náà ju èyí tí a ná sórí gbogbo ìyókù lọ. Òun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ná.

Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ tiyín

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ó rí bí ti Kétu. Ní Àjàṣẹ́, omi abẹ́ ilẹ̀ súnmọ́ òkè ní ibi púpọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ní ìgbà òjò, adágún lè kún bò, kí ẹja sì bá omi lọ. Ẹ gbé etí rẹ̀ ga, kí ẹ sì jìnnà sí ṣáláńgá ju bí àwa ti jìnnà lọ. Ní Ṣábẹ̀ àti ní Ìdáàṣà, òkúta wà nísàlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ má ṣe bá òkúta jà. Ẹ to bíríkì sókè lórí ilẹ̀, kí ẹ tẹ́ báàṣì sínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ẹ rọ omi sí i, kí ẹ dà á nù lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó kó ẹja sí i, nítorí pé símẹ́ǹtì tuntun ń pa ẹja.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé adágún kékeré yóò sọ yín di olówó. Ẹja tí a ń rí jẹ nínú tiwa kò ju ti ọbẹ̀ mélòó kan lọ́dún. Ní ìgbà ọyẹ́, a fi igi tí a fín wọn omi náà, a sì rí i pé ó ń dín ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà lójoojúmọ́. Lórí mítà 6 níbùú lóròó, ìyẹn jẹ́ lítà 30, garawa méjì, lójúmọ́ kan. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ìyá wa kò tíì kú: omi iyebíye ni. Ìdáhùn tí a ní ni pé omi náà ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó kọ́kọ́ bọ́ ẹja, lẹ́yìn náà ni ó bọ́ ewébẹ̀, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni òjò tí títì ń gbé lọ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún yìí, a já ata àti gbọ̀rọ̀ nínú oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọgbà wa a máa gbẹ bí àkísà ní ọdún àtijọ́.

Èrè mìíràn wà tí a kò ṣírò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti fi ojú ara wọn rí tanwíjì tí ó di ẹ̀fọn, ẹyin àkèré tí ó di ohun oníru tí ń lúwẹ̀ẹ́, tí ó sì tún hu ẹsẹ̀. A kò ya àwòrán rẹ̀ sára pátákó mọ́. Ẹyẹ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé, ṣùgbọ́n tí ìyá wa mọ̀ ní èdè wa, ń wá mu omi ní ìrọ̀lẹ́.

Ìyá wa ti gbé àpótí ìjókòó wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń ṣa ẹ̀wà báyìí. Àwọn ọmọ a pé jọ sọ́dọ̀ wọn, wọn a sì sọ bí wọ́n ṣe ń jí lóru lọ pọn omi, bí òkùnkùn ti rí, àti orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń lọ, títí kan ọ̀kan tí kò dàgbà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a tó da omi náà sílẹ̀, kí gbogbo ilé pé jọ, kí a béèrè ìbéèrè tí ìyá wa béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹnìkan sì dáhùn pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀: ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?